Ìjàpá Tó Gba Ẹ́ńjìnnì Ìgalà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ̀ bàbá mi fi wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa ní Mòòrè, Ilé-Ifẹ̀, tí kò mira. Ewé bò ó mọ́lẹ̀. Adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn, aláǹgbá ń yáàrùn lórí òrùlé rẹ̀. Volkswagen ni, irú èyí tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí bàbá wa papò dà, tí a sin ín tán, àwọn tó ń ra àlòkù irin gbé òṣùwọ̀n wá. Wọ́n ní kílò kílò làwọn máa fi rà á. Lójú mi, àfi bí ẹni pé bàbá mi gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé gun òṣùwọ̀n. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Màmá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa, o ò tà á. Tún un ṣe nígbà náà. Ohun téèyàn ò tà, tí kò sì tún ṣe, ó ti sọ ọ́ nù nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun náà ni mo gbé jí.

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Bàdágìrì. Ọdún yẹn náà ni owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà ni bàbá mi. Wọ́n fi owó Údójì tiwọn lélẹ̀, wọ́n yá ìyókù, nígbà tó sì di 1976, wọ́n wa Ìjàpá aláwọ̀ sánmà wọ àdúgbò. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ tíṣà ni, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì ni, ọkọ̀ akọ̀wé àti olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò mọ òǹgbẹ omi; afẹ́fẹ́ ni fáànù ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, búùtù wà níwájú, ìwúwo ẹ́ńjìnnì ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, nítorí náà ó ń la ẹrẹ̀ kọjá níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń rì. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló sì so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ gíà. Ẹni tó bá ní jáàkì àti síípánà lè sọ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀, kó tún gbé e padà kí oòrùn tó wọ̀.

Mo lọ bá bàbá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà nígbà ayé bàbá mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Ìjàpá Tíṣà ni, wọ́n dìde, wọ́n wá bàtà. Wọ́n yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ti dógùn-ún wò. Wọ́n wá ní, "Ọmọ Tíṣà, má tíì ra ọ̀dà o. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò."

Ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe àlejò n'Ífẹ̀. Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, wà níbẹ̀, tí Ọọ̀ni ń lọ lásìkò ọdún Ọlọ́jọ́. Ògún Ládìn wà láàfin. Kí bàbá yìí tó fi síípánà kan ọkọ̀, wọ́n da omi tútù sílẹ̀, wọ́n dárúkọ Ògún, wọ́n sì dárúkọ bàbá mi tẹ̀ lé e.

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti jẹ tán. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì ń jókòó sí, ihò ibẹ̀ gba orí ọmọdé. Lápá ọ̀tún àti òsì, nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀pá irin gígùn kan tó ní ihò nínú wà, èyí tí àwọn ará Jámánì fi ń gbé ooru láti ara ẹ́ńjìnnì wá síwájú ọkọ̀ nígbà òtútù. Ìpáàrà ti jẹ méjèèjì. Páńẹ́lì-bítà tí mo gbéṣẹ́ fún kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la fẹ́ fi ooru ṣe n'Ífẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gé e dànù." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Bàbá mẹkáníìkì kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà. A gé e.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́. Àárín ọkọ̀ ti tẹ̀ bí ibùsùn tí igi ìdábùú rẹ̀ kán. Bàbá dé, wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ wa, wọn ò bínú. Wọ́n jókòó lórí táyà, wọ́n ní, "Ooru lẹ rí. Ẹ ò rí i pé irin yẹn náà ni egungun ìhà ọkọ̀."

Ara mi bù máṣọ. Iṣẹ́ méjì ni ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà gbé lé irin yẹn lọ́wọ́. Ọ̀kan kò wúlò fún wa nílẹ̀ olóoru. Èkejì ló gbé ilẹ̀kùn, òrùlé àti ilẹ̀ ọkọ̀ dúró. Èyí tí a mọ̀ la fi dá èyí tí a kò mọ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe. A fi jáàkì gbé àárín ọkọ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wẹ́dà jó páìpù dábùú ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì kí ó má baà yẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ló tó jó irin tuntun sísàlẹ̀. Ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ ṣe la ṣe kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti fi òfin kan lélẹ̀, mo sì kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé iṣẹ́ wa: ohunkóhun tí a bá fẹ́ yọ, ká kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ kò gbọdọ̀ yọ ọ́.

Òfin yìí kò ní ká má yí nǹkan padà. Ó fún wa láyè láti yí púpọ̀ padà, nítorí pé a ti mọ ohun tí a ń ṣe. Bíréèkì iwájú tó jẹ́ onílù, a yọ ọ́, a fi onídíìsì sí i, torí pé ọkọ̀ tó wà lójú títì Ifẹ̀ sí Ìbàdàn lónìí ń sáré ju ti 1976 lọ. A de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A pààrọ̀ rọ́bà tí ń gbé epo lọ sí kabúrétọ̀, torí òkè ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná ló gbà kọjá, bó bá sì ti gbó, tó sán, ẹ̀kán epo kan lè sọ gbogbo ọkọ̀ di iná. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá gbà jóná, tí aráyé ń wá ẹni tó ṣe wọ́n. Bátìrì abẹ́ ìjókòó náà, a wá ìdérí tó nípọn fún un. Bí èèyàn tó sanra bá jókòó sẹ́yìn, sípíríǹgì ìjókòó lè tẹ̀, kó fara kan orí bátìrì, kó ṣáná sí tìmùtìmù. Owó kékeré ni àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀mí sì ni wọ́n ń dá sí.

Ó wá ku ẹ́ńjìnnì. 1300 ni ìwọ̀n tiwa, ó sì ti gan pátápátá. Bàbá mẹkáníìkì ló rántí Ìgalà. Ọkọ̀ kan wà tí àwọn ará Brazil ṣe, tí wọ́n ń pè ní Brasília lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ń tò ó ní Ọ̀jọ́, Igala ni wọ́n sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Létí àwa Yorùbá, orúkọ ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́ inú igbó nìyẹn. Ìran kan náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ti Ìjàpá, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ṣùgbọ́n 1600 ni ti Ìgalà. Oṣù méjì la fi wá a. A rí ọ̀kan ní Ìbàdàn, ní ọgbà mẹkáníìkì kan, tí wọ́n ti ń jókòó lé lórí bí àpótí. A tú u palẹ̀, a fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ písítìnnì àti rọ́bà inú rẹ̀, a gbé e wálé. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà ló dè é mọ́lẹ̀. Ó wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò.

Àwọn kan bá mi wí. Wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́, bó ṣe wá láti ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó wà. Bí a bá ti yí i padà, ó di òmíràn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìtàn ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ferdinand Porsche ló ya àwòrán Volkswagen yìí. Ní 1948, ọmọ rẹ̀, Ferry, kó ẹ̀yà ara Volkswagen, ó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kó lè lágbára sí i, ó fi ṣe ọkọ̀ asáré àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ ìdílé wọn, Porsche 356. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ dáadáa ló yí i padà, àwọn tó ń fi owó rẹpẹtẹ ra Porsche lónìí sì ń jẹ nínú àyípadà ọmọ náà.

N'Ífẹ̀ ńbí gan-an, a ti rí irú rẹ̀. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mú Ìjàpá kan, ó sọ ọ́ di ọkọ̀ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fún lágbára. Ó gbé páńẹ́lì oòrùn sórí òrùlé, ó gbé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, bátìrì rẹ̀ sì ń gba agbára fún bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ohun tó lò, àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un ni. Èmi fi ẹ́ńjìnnì rọ́pò ẹ́ńjìnnì. Òun mú epo bẹntiróòlù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ohun tí àwọn oníròyìn kì í sọ lásọtúnsọ: ó fi sípíríǹgì tó lágbára sábẹ́ ọkọ̀ náà nítorí ìwúwo bátìrì. Ó mọ ohun tí sípíríǹgì àtijọ́ lè gbé àti ohun tí kò lè gbé. Òfin bàbá mẹkáníìkì ló ń tẹ̀ lé láìgbọ́ ọ rí.

Èmi tí mo gbọ́ ọ, mo tún rú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí a dá ẹ́ńjìnnì padà, rọ́bà kan wà tó yí i ká, tó dí àlàfo tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì. Ó ti gbó, n kò rí tuntun rà, mo ní kí a fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á lọ sí Iléṣà, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òórùn ọ́ìlì gbígbóná fi gba inú ọkọ̀. Mo pa á, mo dúró lẹ́bàá títì, mo fi fóònù pe bàbá. Wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ni iṣẹ́ rọ́bà yẹn?" N kò lè dáhùn. Rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ ọkọ̀ padà sókè lọ bá fáànù. Bí kò bá sí níbẹ̀, iná ara rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń fà sínú. Mo padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́, mo gé rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ mìíràn, mo fi dí i. Láti ìgbà náà ni kò ti gbóná jù mọ́.

Ọ̀dà la fi parí rẹ̀. Pẹ́ńtà fẹ́ fi ọ̀rá ìdíhò bo gbogbo ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin, kó lè dán bí tuntun. Mo ní kó bo ìta, kó má bo inú. Nínú àlọ́ tí màmá mi ń pa fún wa, Ìjàpá já láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá, wọ́n sì ń tò ó pọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ títí ó fi lè rìn. Ojú ibi tí wọ́n ti tò ó ni a ń rí lẹ́yìn rẹ̀ títí dòní, kò sì tijú rẹ̀. Bí o bá ká kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wa sókè lónìí, wàá rí gbogbo ojú ọgbẹ́ náà, pẹ̀lú ọdún tí a jó o. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mo dé.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ni mo gbé màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi dé Lágéré. Wọ́n wá ní, "Ohùn rẹ̀ ti yí díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni."

Ní 1978 ni Jámánì ti ṣíwọ́ ṣíṣe Ìjàpá olórùlé irin. Ní oṣù keje ọdún 2003 ni ti ìkẹyìn jáde ní Mexico. Tuntun kò sí mọ́. Àlòkù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé ilé púpọ̀ ní Ifẹ̀, ní Iléṣà, ní Oǹdó àti ní Ìbàdàn. Bí ti bàbá yín bá wà níbẹ̀, ẹ má tíì ra ọ̀dà, ẹ má tíì pe ẹni tó ń ra irin. Ẹ wá àgbà mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Irin lè dúró dè wá lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mọ́kàndínlógún. Àgbà kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí.