Wọ́n Ní Ṣé Mo Sáré Wá Ni

Ìkòròdú,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò tíì gbé ẹ mì? Má bínú pé o ń pè mí, mi ò gbé e. Kì í ṣe ìgbéraga o. Bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á ti já kí n tó wo ẹni tó ń pè. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́.

O rántí pé wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá owó fún báńkì? Wọ́n á sọ iye tó gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù tó parí. Bí o bá rí i, wọ́n á fi kún un. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jáde kí n lè ré afárá Third Mainland kọjá kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Aago méje àárọ̀ mo ti wà nídìí iṣẹ́, aago méje alẹ́ kì í tíì bá mi níta ọgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ro àmàlà lọ́wọ́, fóònù ní kín! Ọ̀gá ni, lórí WhatsApp ibi iṣẹ́, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Mo fi ọmọrogùn sínú ìkòkò, mo ń fèsì. Ìgbà tí n ó fi yíjú padà, àmàlà ti ń rùn. Bùsọ́lá dúró tì mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè yín." Àbẹ̀kẹ́, igbe tí mo ké mọ́ ọmọ yẹn, alájọgbélé wa ló yọjú. Kí lọmọ ṣe?

Lọ́jọ́ kejì orí ń fọ́ mi, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà ní oríta wa. Ìyá náà de ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó tú u, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ sáré wá ni?" Bẹ́ẹ̀, mo ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́. 168 lórí 104! Ó dè é mọ́ apá kejì, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kí n má tilẹ̀ délé, kí n gba ọsibítù lọ.

Dókítà ò kọ́kọ́ bi mí ní oúnjẹ tí mò ń jẹ, iye wákàtí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ló bèèrè. A ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 60 lọ́sẹ̀, láìka ti ojú ọ̀nà. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti sọ ọ́ ní ọdún 2021 pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Mo ní, "Dókítà, gbogbo Èkó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Ẹ wá wo wọ́ọ̀dù wa."

Ohun tó dùn mí ni pé lóṣù tó kọjá, báńkì pe ọkùnrin kan wá kọ́ wa bí a ó ṣe máa fara balẹ̀. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta. Ọjọ́ Sátidé tí à bá fi sùn ni o! Wọ́n fún wa ní míìtì páì, kò sẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó tí a gbọ́dọ̀ wá. Ẹrù wà lórí èèyàn, ẹ ò sọ̀ ọ́, ẹ̀ ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí.

Mo mú ìwé dókítà lọ bá ọ̀gá, orúnkún mi ń gbọ̀n. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa dúróà, ó gbé páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ jáde. Ọdún kẹta rèé tó ti ń lò ó. A kàn ń wo ara wa ni. Ó fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì gba oníbàárà mélòó kan lọ́wọ́ mi. Òun gan-an ò gba ìsinmi.

Mò ń lo oògùn mi, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀ sí 138 lórí 88. Bó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, fóònù á wọ kọ́bọ́ọ̀dù, Bùsọ́lá á sì mú kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́. Ó le ju ọ̀gá lọ!

Ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin léra tí o ń ṣe nílé àwọn arúgbó yẹn, ta ló ń wo ẹ̀jẹ̀ tìrẹ? Ẹ̀rọ náà kúkú wà níkàáwọ́ ẹ. Dè é mọ́ apá ara ẹ lónìí, kí o fi iye tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Kó tó di aago mẹ́jọ wa níbí o.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́.