Alẹ́ Tí Jẹnẹrétọ̀ Bàbá Mi Kọ̀ Jálẹ̀

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa ní Apátá, nílùú Ìbàdàn. Aṣọ ẹbí méjìlá ló wà níwájú màmá mi, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Méje péré ni wọ́n tíì rán tán. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń ránṣọ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: owó iṣẹ́ ti wọlé, ó sì ti bá owó ilé lọ, aṣọ nìkan ló kù tí oníbàárà ń retí.

Ẹ̀yìnkùlé ni jẹnẹrétọ̀ wa wà, ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí “I better pass my neighbour”. Bàbá mi ló rà á kí wọ́n tó di olóògbé. Wọ́ọ̀tì 650 ló lè gbé, èyí tó tó fún gílóòbù mẹ́ta, fáànù kan àti mọ́tò máṣíìnì ìránṣọ. Kò lè gbé áyọ́ọ̀nù iná, ìdí nìyẹn tí màmá mi fi ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú títí dòní.

Mo fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò dún. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá mìíràn, kò tilẹ̀ wúkọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń bó. Mo wá yíjú sí àbúrò mi ọkùnrin tó ń tan iná fóònù sí mi, mo ní: “Ìwọ lo ba ẹ̀rọ yìí jẹ́. Ó dá mi lójú pé epo tí o pò kò dára. Nǹkan kan ṣoṣo tí Dádì fi sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, o ti pa á.”

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Kò fèsì. Ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó sì jáde sínú òjò.

Màmá mi yọjú láti ojú fèrèsé. “Ṣé o rí i nígbà tó ń bà á jẹ́ ni?” N kò lè dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀sùn epo yẹn fi rọrùn láti fi kan ènìyàn. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni ẹ̀rọ kékeré yìí ní. Irú rẹ̀ ló wà lára ayùn onímọ́tò tí wọ́n fi ń gé igi, òun náà sì ni àwọn tó ń fi paramotor fò lójú ọ̀run ń gbé sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí písítìnì rẹ̀ bá gòkè ni epo inú rẹ̀ ń gbiná. Kò ní ojú ibi tí a ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, nítorí náà inú epo bẹntiróòlù gan-an ni a óò ti po ọ́ìlì tí yóò máa dán irin rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, irin yóò máa ha irin. Bó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo ilé, púlọ́ọ̀gì yóò sì dọ̀tí. Bàbá mi ní ìdérí ike kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn oògùn ikọ́, mílílítà 10 ló ń gbà. Ìdérí méjì sí lítà kan ni òfin wọn. Àbúrò mi ni wọ́n kọ́. Èmi wà ní yunifásítì nígbà náà, mò ń kọ́ nípa oríkì àti ìjálá.

Òjò ṣì ń rọ̀. Mo ní kí n gbé ẹ̀rọ náà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ níbẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ máa tan iná fún wa. Màmá mi kọ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa odidi ìdílé sójú oorun. Wọ́n ní àwọn fara mọ́ kí aṣọ má parí. Mo fi páànù bo ẹ̀rọ náà níbi tó wà, mo sì tẹ ọ̀gá tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ìkóríta láago.

“Àǹtí, ẹ má fa okùn mọ́,” ni wọ́n wí. “Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sọ fún mi bóyá ó tutù tàbí ó gbẹ.”

Ó gbẹ táútáú.

Wọ́n ní ìyẹn nìkan ti sọ ohun púpọ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì nílò kó tó lè dún: epo tó bá afẹ́fẹ́ mu, iná púlọ́ọ̀gì, àti agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Púlọ́ọ̀gì tó tutù ń sọ pé epo ti pọ̀ jù. Èyí tó gbẹ ń sọ pé bóyá ni epo ń dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí n fi púlọ́ọ̀gì náà sínú ìbòrí wáyà rẹ̀, kí n jẹ́ kí irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ibi tí epo wà, kí n sì fa okùn. Iná aláwọ̀ búlúù ṣẹ́jú. Iná wà. Wọ́n ní kí n kán epo díẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì, kí n dá a padà, kí n fà á. Ẹ̀rọ náà ké fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó sì dákẹ́.

“Ó tán,” ni wọ́n wí. “Iná rẹ̀ dára, agbára rẹ̀ ṣì wà. Epo ni kò dé. Ẹ tú kábúrétọ̀.”

Epo ń ṣàn dáadáa láti inú táǹkì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, ohun tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe epo mọ́. Ó ti ki, ó pọ́n bí oyin, ó sì ń rùn bí ọ̀dà àtijọ́. Ó ti dí ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá pa.

Mo béèrè ohun tó fa irú èyí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, epo tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti fẹ́ pa á, ẹ ní kí wọ́n máa ti tápù epo, kí ó jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán, kó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ta ló lò ó kẹ́yìn?”

Èmi ni. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní àròkọ kan tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo kàn tẹ bọ́tìnnì, mo wọlé lọ sùn. Àbúrò mi ti inú yàrá rẹ̀ sọ fún mi pé kì í ṣe báyìí ni Dádì ń pa á. Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi. Láti ìgbà tí epo ti kúrò ní bíi igba náírà ní lítà kan, tó fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lẹ́yìn oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a kì í sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mo fi sí i lọ́fun.

Mo ń fi fọ́nrán wáyà bàbà kan ṣoṣo yọ ìdọ̀tí inú ihò náà lọ́wọ́ nígbà tí géètì dún. Àbúrò mi ni, ó tutù rinrin. Ó ti rìn dé òpópónà láti wá ìsọ̀ tó ṣì ṣí. Púlọ́ọ̀gì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ara rẹ̀ ló sì fi rà á.

Ẹ̀yin olùkà mi, ó rọrùn fún ẹ̀gbọ́n láti wí. Láti tọrọ gáfárà ni kò rọrùn. Ó wá sí mi lọ́kàn láti kàn sọ pé “mo ti rí ohun tó ń ṣe é,” kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú màmá mi ni mo ti fi ẹ̀sùn kàn án, níwájú wọn náà ló sì yẹ kí n ti gbà á kúrò. Mo pè wọ́n síta. Mo ní: “Màámi, èmi ni mo bà á jẹ́. Ó kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, má bínú.”

Ó wo kábúrétọ̀ ọwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ ò tíì fọ inú táǹkì. Epo ibẹ̀ náà ti pẹ́.”

A da epo náà dànù, ó po tuntun pẹ̀lú ìdérí oògùn ikọ́ náà, mo sì ń ka ìdérí náà bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí a to gbogbo rẹ̀ padà, ó ní kí èmi fa okùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dún.

Màmá mi ránṣọ títí di agogo márùn-ún ìdájí. Nígbà tí wọ́n ní ó tó, èmi àti àbúrò mi jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kó tó mi orí. Ó tọ́ka sí tápù, mo sì tì í. A dúró, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, títí ohùn ẹ̀rọ náà fi lọ sókè díẹ̀, tó rẹlẹ̀, tó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀.