Áńbúláńsì Ológun Tí Ó Gbé Ọdún Mẹ́ta Nínú Gáréèjì Wa

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá léèrè lẹ́yìn ìsìn pé irú ọkọ̀ wo ni èyí tí àwa tọkọtaya ń tú palẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nígbà náà. Àwọn kan ní a fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ní ọjọ́ ogbó wa. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ rò pé a fẹ́ máa fi ta áìsìkíríìmù ni. A ti wá jókòó láti dáhùn báyìí. Àwa méjèèjì ni a jọ kọ ọ́, níbi tí ẹnu wa kò bá sì ti kò, a kò ní fi pamọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì, ní ọdún 1986. Ẹ̀gbọ́n obìnrin bàbá àwọn ọmọ ń rọbí ní abúlé, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí a rí ni ti àwọn tí ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn. A tẹ́ àpò sí orí iṣu, a gbé e sí i. Ìyá àwọn ọmọ, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bí ọmọ náà sínú ọkọ̀, ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kò sí ibi tí a lè tẹ́ ẹ sí kí ó nà gbalaja kí a sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, nítorí iṣu ń yí lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí táyà bá wọ kòtò. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Ọmọ náà ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń sọ fún ara wa pé bí Ọlọ́run bá gbà fún wa, abúlé wa yóò ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí a fi ń gbé aláìsàn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ọlọ́run mú wa dé lẹ́yìn èyí. Bàbá àwọn ọmọ ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2019, ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ mú bàbá lọ sí oko kan tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ tí àwọn ológun ti lò tì. Ibẹ̀ ni ó ti rí i: áńbúláńsì Land Rover, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Series III, ti ọdún 1977, tí koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. £2,700 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé, £1,200 ni ó sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ ná. A óò padà dé ibẹ̀.

Ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Rover kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, irin ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù wà nílẹ̀, nítorí náà òun ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Series III ni wọ́n ṣe láti ọdún 1971 títí di 1985. Èyí tí a fi ṣe áńbúláńsì fún àwọn ológun gùn ní ínṣì 109 láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, ilé iṣẹ́ Marshall ní ìlú Cambridge ni ó sì kọ́ yàrá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi dà bí ọmọdé tí a gbé àpótí aṣọ lé lórí. Àkéte aláìsàn méjì ni ó ń gbà. Bí ọ̀ràn bá le, ó lè gba mẹ́rin.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Land Rover kì í dípẹtà, ẹ bi í bóyá ó ti wo abẹ́ rẹ̀ rí. Ara rẹ̀ ni alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n ṣásì tí ó jókòó lé, irin ni. Ṣásì náà dà bí páìpù onígun mẹ́rin, inú rẹ̀ ṣófo. Omi a máa wọ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ a máa jókòó síbẹ̀, ìpẹtà a sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá síta, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ojú rí lè máa dán nígbà tí inú ti jẹrà tán. Ní ìlú yìí, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì ní ìgbà òtútù kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Iyọ̀ kan náà yìí ni ó ń pa ọkọ̀. Níbi tí irin àti alumíníọ̀mù bá ti fara kan ara wọn, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, iná kékeré bíi ti bátìrì a máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, alumíníọ̀mù ni yóò sì jìyà rẹ̀, tí yóò di ẹ̀tù funfun. A fi ìka kan etí ilẹ̀kùn, ìka wọlé.

Bàbá fi òòlù kékeré kan ṣásì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tí ó dára a máa dún bí agogo. Èyí tí ó ti jẹrà kò ní ohùn. A fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tí kò ní ohùn. Nígbà tí a ṣe tán, ẹfun pọ̀ ju irin lọ. Ìyá àwọn ọmọ ní bí aláìsàn bá dé wọ́ọ̀dù òun báyìí, àwọn ẹbí rẹ̀ ni òun ìbá kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Arákùnrin kan tí ó jẹ́ wẹ́dà gé ẹ̀yìn ṣásì náà kúrò pátápátá, ó sì jó tuntun mọ́ ọn. Sátidé mọ́kànlá ni èyí gbà.

Iṣẹ́ tí a gbádùn jù lọ ni ọ̀dà híha. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kun ọkọ̀ yìí nílé ogun, wọn kò sì ha ti àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó kun tuntun, nítorí náà ọ̀dà ara rẹ̀ nípọn bí èèpo igi. Àwọ̀ ewé àti dúdú ni ó wà lókè. Àwọ̀ ewé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ èyí, ní ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, igun mẹ́rin funfun kan yọ, àgbélébùú pupa sì wà ní àárín rẹ̀. Inú wa dùn gidigidi. Ìyá àwọn ọmọ ní kí a tún un kùn kí ó pọ́n dáadáa.

Ọ̀rẹ́ bàbá ni ó dá wa dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ ni ó rò pé àgbélébùú Olúwa wa ni àmì náà. Kì í ṣe òun. Àsíá Switzerland ni wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà: tiwọn jẹ́ funfun lórí pupa, èyí jẹ́ pupa lórí funfun, láti fi bu ọlá fún orílẹ̀-èdè náà, nítorí ìlú Geneva ni àwọn ìjọba ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ ní ọdún 1864 nípa àwọn tí ó gbọgbẹ́ lójú ogun. Ohun tí àmì náà ń sọ lójú ogun ni pé, Ẹ má yìnbọn sí èyí. Nítorí náà ni òfin ṣe dáàbò bò ó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1957 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi í sára ọkọ̀ tirẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, ìbáà ṣe ọkọ̀ tí ó ti fi í ṣiṣẹ́ rí. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú wa. Bí gbogbo ènìyàn bá ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí ó di ìbọn mú kò ní gbà á gbọ́ mọ́. A kun igun funfun náà, a sì fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ohun kékeré mìíràn wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tí ó yà wá lẹ́nu: iná kan tí kò kọjú sí ẹnikẹ́ni, abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń wò. Ibi tí a fi ọ̀dà funfun kùn nídìí ọkọ̀ ni ó ń tàn sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun bá ń wakọ̀ lóru láìtan iná, funfun yẹn nìkan ni awakọ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń tẹ̀ lé. Bùnmi ọmọ wa ni ó tún wáyà rẹ̀ ṣe, a sì pa gbogbo iná gáréèjì kí a lè wò ó.

Ẹ́ńjìnnì kò yọ wá lẹ́nu tó bí a ti rò. Oní-sìlíńdà mẹ́rin ni, lítà méjì àti díẹ̀, ó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́káníìkì Mọ́kọ́lá yóò fi tú u láìwo ìwé kankan. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì, a fọ kábúrétọ̀. Epo ni ó gba ìrònú. Ayé epo olójé ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí, a sì ti dẹ́kun títa irú epo bẹ́ẹ̀ káàkiri níhìn-ín láti ọdún 2000. Láti ọdún 2021 ni epo tí ó wọ́pọ̀ ti ní ọtí ẹtanọ́ọ̀lù tí ó lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí náà a sì máa ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá ni a pààrọ̀. Ní ti bíréèkì, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Asbẹ́stọ́ọ̀sì lè wà nínú bíréèkì àtijọ́, ó sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni ìyá àwọn ọmọ ní kí a fi nù ún, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì so ìbòmú mọ́ bàbá lẹ́nu.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni bàbá pe àbúrò rẹ̀ kan tí ó máa ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù ní èbúté Apápá, kí ó lè béèrè iye tí yóò ná wa.

Ìyẹn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ wo ni sítíárìn rẹ̀ wà?”

“Ọ̀tún ni.”

Kò tètè fèsì. Ẹ̀yin ará, ọmọ ilé-ìwé ni àwa méjèèjì nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. A rántí rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ó ti pé ọdún méjì tí a ti ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó rò ó nínú wa pé òfin kò gba ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé. A lè gbé sítíárìn náà sí òsì, nítorí wọ́n ṣe Land Rover kí ó lè gba ọwọ́ méjèèjì. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni kò sí ohun tí wẹ́dà lè ṣe sí i. Òfin kò gba ọkọ̀ àlòkù tí ó bá ti gbó ju iye ọdún tí wọ́n là sílẹ̀ lọ, tiwa sì ti lé ní ogójì ọdún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá àwọn ọmọ ń wá ìwé ọkọ̀, tí rìsíìtì £2,700 fi já bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e wá sí tábìlì. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá Bùnmi, £1,500 tí ó dín nínú owó ilé-ìwé Bùnmi, mo rò pé èmi ni mo ṣì í kà.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi jẹun nílé kan náà láìsọ ju ẹ kú àárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ. A ń lọ sí ìpàdé tọkọtaya, a ń jókòó ti ara wa, a sì ń rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn yòókù bá ti rẹ́rìn-ín. Bàbá àwọn ọmọ sọ pé ìtìjú ni ó jẹ́ kí òun purọ́ náà. Ìyá àwọn ọmọ kò gbà pé ìtìjú ni. Ibi tí ẹnu wa kò ti kò nìyí, kò sì tíì kò di òní olónìí.

Bàbá ṣiṣẹ́ àṣekún ní òpin ọ̀sẹ̀ títí ó fi dá £1,500 náà padà kí Kérésìmesì ọdún náà tó dé. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ń kọ gbogbo kọ́bọ̀ tí ó bá ná sí i, ó sì ń fi í sí ibi tí ìyá yóò ti rí i. Ní Sátidé kan ìyá àwọn ọmọ dé gáréèjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó gbé àkéte aláìsàn méjì tí ó bá ọkọ̀ náà wá. Òpó igi wọn ṣì le, ṣùgbọ́n aṣọ wọn ti fà ya. Bàbá dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ní òun kò wá dárí ji ẹnikẹ́ni o, àkéte ni òun wá tún ṣe. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ó fi rán tápólì tuntun sí wọn, ojú rírán mẹ́ta-mẹ́ta níbi tí ìwúwo ènìyàn yóò wà. Nígbà tí ó ṣe tán, ó dùbúlẹ̀ sórí ọ̀kan, ó ní kí èmi àti ìwọ má dúró lásán, kí bàbá àti Bùnmi gbé òun. Wọ́n gbé e yí gáréèjì po lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ọkọ̀ náà jáde sí títì. Ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún tí a kò yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà kò ní láti lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n a gbé e lọ síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n dá wa padà nítorí bíréèkì; ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n tó gbà á. Ariwo rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta. Bí a bá ti lé díẹ̀ ní máìlì 45 ní wákàtí kan, a kì í gbọ́ ara wa mọ́, èyí sì ṣe wá láǹfààní ní àwọn ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó rà á ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú iṣẹ́ ológun rí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó sínú yàrá náà fún ìgbà pípẹ́ láìsọ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni ó san £9,500. Gbogbo ohun tí a ná, pẹ̀lú owó tí a fi rà á, jẹ́ £8,600. Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. A ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fún kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a kọ́ yàrá aláìsàn sí lẹ́yìn, èyí tí ó lè wọ ọ̀nà oko níbi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé.

Ọkùnrin náà fẹ́ gba àkéte méjèèjì. Ìyá àwọn ọmọ ní ọ̀kan ni yóò bá a lọ. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní ọkọ̀ náà kò ní pé. Ìyá kò gbọ́. A dá £200 padà fún un nítorí rẹ̀. Àkéte kò ní sítíárìn, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ọjọ́ orí ní Apápá. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, a sì bá àwọn tí ń kó ẹrù lọ sílé rán an.

Ọmọ tí a bí sínú ọkọ̀ iṣu ni ó lọ gbà á. Ó gbé e lọ wọn mọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó sì pè wá lóru ọjọ́ náà.

“Mọ́mì, ẹ kú ilé. Ó wọlé o, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yọ síta ní ínṣì mẹ́rin. Ṣé kí n ní kí wọ́n gé òpó rẹ̀?”

Àwa méjèèjì ni a dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé kí ó má gé e. Kẹ̀kẹ́ ni kí wẹ́dà fà gùn.