Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Owó Ilé fún Ẹni Tí Ó Ń Dá Gbé

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ láti orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa rí oorun sùn. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé tọ̀ mí wá kì í yàtọ̀. Wọn a ní: "Èmi tí mo dá wà yìí, tí n kò tíì ṣe ìgbéyàwó, èló ni mo lè san fún ilé tí kò ní ni mí lára?" Ìbéèrè tí ó dára ni. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá ti san owó náà tán.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, arábìnrin kan wá rí mi ní ọ́fíìsì ìjọ, n'Íbàdàn níbí. Ìyàwó mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Ó ní òun ti rí ilé kan ní Bódìjà, nítòsí ibi iṣẹ́ òun, iyàrá kan tí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, 600,000 náírà lọ́dún. Ó fẹ́ kí a bá òun gbàdúrà kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, a ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba bébà àti bírò yìí ná." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sà, àbí ẹ̀yin náà ò gbà pé Ọlọ́run lè ṣe é ni?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn fún gbogbo wa. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá ń ṣírò owó kò ní ìgbàgbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Lúùkù 14:28, Olúwa wa fúnra rẹ̀ fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé ṣe àpẹẹrẹ, ó sì fi hàn pé ó tọ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ mọ iye tí iṣẹ́ náà yóò gbà kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, ẹni tí kò ṣírò ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìṣírò kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́. Òun ni ó ń jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń gbàdúrà lé lórí.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 120,000 náírà. Ó yọ ìdámẹ́wàá, 12,000. Bí a bá pín 600,000 sí oṣù méjìlá, ó jẹ́ 50,000 lóṣù. Owó ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ àti àbọ̀ jẹ́ 500 lójúmọ́. Fún ọjọ́ 22, ó jẹ́ 11,000. Ohun tí ó kù fún oúnjẹ, iná, aṣọ, òògùn àti owó tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ jẹ́ 47,000. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Pásítọ̀, ṣé ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe?"

Mo ní kí a má tíì dìde. Owó tí à ń fi wọlé kì í ṣe owó ilé nìkan. Éjẹ́ǹtì fẹ́ gba náírà 10 lórí 100, lọ́yà fẹ́ gba bẹ́ẹ̀ fún ìwé àdéhùn, onílé náà sì fẹ́ gba bẹ́ẹ̀ fún owó tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n. Ọ̀nà mẹ́ta 60,000 jẹ́ 180,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 780,000. Ohun tí ó ní ní bánkì jẹ́ 480,000. Mo bi í pé, "Níbo ni 300,000 yòókù yóò ti wá?" Ó dákẹ́. Ìyàwó mi ni ó rọra tún un bi. Ó wá sọ pé ẹnìkan wà tí ó ń yá ènìyàn lówó, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 5 lórí 100 lóṣù. Bí ìyẹn kò bá sì bọ́ sí i, ọ̀gá kan wà níbi iṣẹ́ tí ó ti ní òun yóò bá a san án. Ọ̀gá náà ní ìyàwó sílé.

Ṣé ẹ rí ibi tí owó ilé máa ń gbé ọmọ ènìyàn lọ? Ẹni tí ó bá yá 300,000 yẹn fún ọdún kan yóò máa dá 25,000 padà lóṣooṣù pẹ̀lú èlé 15,000, ìyẹn 40,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 47,000, ó ku 7,000 tí yóò fi jẹun fún odindi oṣù. Bí ó bá sì ní kí òun má tọ́jú 50,000 ti ọdún tí ń bọ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù, ọdún yóò yí po, onílé yóò sì kan ilẹ̀kùn. Ní ti ọ̀gá yẹn, n kò ní láti fi bírò ṣírò rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin.

A wá wo ilé mìíràn tí ó ti rí ní Mọ́níyà, 300,000 lọ́dún, ìyẹn 25,000 lóṣù. Lójú, ó dín ní ìdajì. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ jẹ́ 1,600 lójúmọ́, 35,200 lóṣù. Nígbà tí a yọ ohun gbogbo, 47,800 ni ó kù. Pẹ̀lú gbogbo jíjí ní òru àti pípẹ́ lójú ọ̀nà, 800 náírà péré ni yóò fi ju ti Bódìjà lọ lóṣù! Ilé tí ó jìnnà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ilé tí ó dínwó.

Ìyàwó mi ni ó rántí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí òun náà ń wá ilé. Àwọn méjèèjì lè jọ gba ilé oníyàrá méjì ní Sáńgo, 720,000, kí oníkálukú san 360,000, ìyẹn 30,000 lóṣù. Owó ọkọ̀ 800 lójúmọ́ jẹ́ 17,600. Ohun tí ó kù fún un jẹ́ 60,400. Owó ìwọlé pẹ̀lú gbogbo ti éjẹ́ǹtì àti lọ́yà jẹ́ 468,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kò sì kọjá ohun tí ó ní lọ́wọ́. Nígbà náà ni a tó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ilé Sáńgo ni wọ́n gbà. Ó ń fi 40,000 sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lóṣooṣù, 30,000 fún owó ilé, 10,000 nítorí ọ̀la. Nígbà tí onílé fi owó kún un ní ọdún 2025, tí ìpín tirẹ̀ di 420,000, owó 480,000 ni ó bá nílẹ̀. Kò yáwó, kò sì bẹ ọ̀gá kankan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìmọ̀ràn mi nìyí. Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ilé ọdún kan kọjá owó oṣù mẹ́ta yín. Ẹni tí ó ń gba 100,000, kí ó má wo ilé tí ó ju 300,000 lọ. Èkejì, ẹ máa ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ owó ilé. Bí méjèèjì bá ju owó oṣù márùn-ún lọ láàárín ọdún, ẹ fi ilé náà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, owó tí ó wà lọ́wọ́ ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ìgbéga tí ẹ ń retí. Bí ìgbéga bá dé, ilé ṣì wà tí ẹ lè kó lọ. Ẹ̀kẹrin, láti oṣù tí ẹ bá wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ti ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ jọ gbé, kí arákùnrin bá arákùnrin gbé, kí arábìnrin bá arábìnrin, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìwé, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò san kí ni sílẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù wọlé.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 210,000, bẹ́ẹ̀ ni ibi pọ̀ l'Ékòó tí iye yẹn kò lè gba iyàrá tí ó dá dúró. Ẹni tí ó bá wà ní ipò yìí, kí ó má ṣe tijú láti ṣì wà lọ́dọ̀ òbí, tàbí láti gba iyàrá kan nínú ilé tí iyàrá kọjú sí iyàrá. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Nínú Àwọn Ọba Kejì 4:10, iyàrá kékeré kan tí ó ní ibùsùn, tábìlì, àga àti fìtílà ni wọ́n ṣe fún Èlíṣà, kò sì dí ọwọ́ Ọlọ́run lára rẹ̀. Pọ́ọ̀lù, ẹni tí kò ní ìyàwó, háyà ilé ní Róòmù fún odindi ọdún méjì, ó ń san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti ń wàásù fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé tọ̀ ọ́ wá, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28 ti sọ fún wa.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ yín, ẹ má ṣe fi iye iyàrá rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé inú ilé ńlá lórí gbèsè nítorí kí ẹ lè gbà fún wọn, gbèsè yẹn ni ọmọ yín yóò sì bá nílé ọkọ. Ẹ̀yin olórí ìjọ ilé, ẹ wádìí àwọn tí ń wá ilé láàárín yín, kí ẹ fi wọ́n mọ ara wọn.

Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ibùgbé tí ọkàn wọn yóò balẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí ó sì gba ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́ okùn gbèsè, ní orúkọ Jésù. Àmín.