Kọ̀ǹpútà ti gba Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó kan, àmọ́ ojú lásán kò rí i!

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ n'Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹ má tètè pè é lópùrọ́ o. Ẹni tó bá ń wá èyí tí wọ́n máa ń gbé ka orí tábìlì yóò rí díẹ̀ ní yunifásítì, ní báńkì àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé. Kì í ṣe ìyẹn là ń wí. Èyí tí à ń wí ni èyí tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, èyí tó wà lórí òpó iná títì, èyí tó wà nínú àpò ìyá oníṣu, àti èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ńlá ní ìkóríta. Wọn ò jọ kọ̀ǹpútà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa tú inú wọn wò, kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn.

Ẹni tó bá gbéra l'Adó-Èkìtì, tó gba Ìworòkò kọjá, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dé Ifàkì. Ibẹ̀ lọ̀nà ti yà. Ọ̀kan dorí kọ Ìdó, ìkejì dorí kọ Ọ̀yẹ́, ó gba ibẹ̀ lọ sí Ìkọ̀lé, ó sì ń lọ títí dé Òmùò níbi tí ilẹ̀ Èkìtì ti bá Ìpínlẹ̀ Kogí pààlà. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, oko láàárín. Láyé ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kó tó di pé wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1996, ẹni tó bá fẹ́ bá ará Èkó sọ̀rọ̀ láti ìlú wọ̀nyí, àfi kó kọ lẹ́tà, tàbí kó wá fóònù NITEL lọ, tàbí kó fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀. Oṣù kẹjọ, 2001 ni fóònù GSM dé sí Nàìjíríà. Lónìí, ọlọ́kadà tó gbé yín láti gáréèjì ń dáhùn ìpè lórí ìrìn, ìyá tó sì ń ta ẹ̀pà, inú fóònù lowó ọjà rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàdédé bá ayé. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mark Weiser, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní California, ti rí i tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 1988 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà tó di 1991, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Scientific American pé ọjọ́ ń bọ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò wọ inú ilé àti inú ọ́fíìsì debi pé ẹnikẹ́ni kò ní í kíyè sí i mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀wé kì í ṣe é ronú kó tó ka pátákó ojú ọ̀nà. Ọkùnrin náà kú ní 1999. Nílùú òyìnbó, ohun tó sọ ti ṣẹ lọ́nà ìgbádùn: iná ń kú fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá jáde nínú yàrá, ilẹ̀kùn ń dá onílé mọ̀. Ní àríwá Èkìtì, ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé. Owó, iná àti ìbò ló bá wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi le.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ l'Ọ̀yẹ́. Láti 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì FUOYE sílẹ̀, tó ní ọgbà kan l'Ọ̀yẹ́, tó ní òmíràn n'Ìkọ̀lé, nilé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń hù bí olú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, mítà lọ̀gá, kì í ṣe lańdílọ́ọ̀dù. Ẹ ó san owó, wọn ó fún yín ní nọ́ńbà 20, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sára mítà, iná á sì dé, ìyẹn bí iná bá wà níta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé mítà yẹn ń bá iléeṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ mítà tó wà lára ògiri wa ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àdììtú ni nọ́ńbà 20 yẹn. Inú rẹ̀ ni iye yúnìtì tí ẹ rà àti àkókò tí wọ́n tà á wà, mítà kan ṣoṣo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i. Ohun tó fà á nìyẹn tí nọ́ńbà aládùúgbò kò fi lè wọ mítà yín, bó ti wù kí ẹ̀yin méjèèjì mọra tó.

Àkókò tá a wí yẹn ló dá rúgúdù sílẹ̀ ní 2024. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1993 ni ètò tí irú mítà bẹ́ẹ̀ ń lò káàkiri ayé ti ń ka ìṣẹ́jú, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú bíi mílíọ̀nù 16.7 lọ. Ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, 2024 ni àyè náà kún. Mítà tí wọn ò bá tún ṣe kó tó di ọjọ́ náà kò ní í gba nọ́ńbà tuntun mọ́. Ni wọ́n bá ní kí oníbàárà kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà 20 oríṣi méjì tí wọ́n fún un, kó tó tẹ èyí tó fowó rà. Ẹ wo bàbá àgbà tójú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tó dúró níwájú mítà nínú òkùnkùn, tó ń tẹ nọ́ńbà 60! Bàbá ò jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kò jí iná. Àyè tí ẹni tó ṣètò mítà fi sílẹ̀ lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn ni kò tó, bàbá ló sì wá ń fìka san án.

Ọ̀rọ̀ iná l'Ọ̀yẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE tú síta nítorí àìsí iná. Ọ̀rọ̀ di yánpọnyánrin, ìbọn dún, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣòfò. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rán lọ kàwé! Ẹni tó bá ń sọ pé ilé wa ti gbọ́n, kó kọ́kọ́ rántí ọjọ́ yẹn. Ilé tí kò níná, kò sí ọgbọ́n kankan lórí rẹ̀. Ohun kan tó yẹ kí ará Èkìtì mọ̀ ni pé ní 2024, NERC tó ń ṣàkóso iná fún Nàìjíríà fa àkóso ti Èkìtì lé ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́. Ẹjọ́ mítà àti ẹjọ́ owó iná ti kúrò l'Abuja, ó ti di ẹjọ́ Adó. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, ọ̀nà ò jìn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Ìkọ̀lé, ìlú Ẹlẹ́kọ̀lé. Ẹ̀rọ POS tẹ́ ẹ ń rí lábẹ́ agboòrùn níbẹ̀, símù wà nínú rẹ̀ bíi ti fóònù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ó di pákó. Oṣù kejì, 2023 kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. CBN ti kéde láti oṣù kẹwàá, 2022 pé àwọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tó yá, owó tuntun ò tó, wọ́n ní owó àtijọ́ ò ṣeé ná mọ́, làwọn ènìyàn bá ń fowó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ní kò wọlé, ẹni tó tajà ní òun ò rí i, ọjà sì wà láàárín wọn. Ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 2023 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí dìparí ọdún náà. Gbogbo wa ló wá rí i kedere: owó tó wà nínú kọ̀ǹpútà, tiwa ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló mú ilẹ̀kùn dání.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ayé kọ̀ǹpútà ti fẹ́ sọ òwe yẹn di irọ́. Wọ́n ní ká tẹ̀ka fún BVN ní báńkì láti 2014. Wọ́n ní ká tẹ̀ka fún NIN. Ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB, ó di dandan kó tẹ̀ka kó tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìdìbò gómìnà Èkìtì sì dé ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, 2022, INEC gbé BVAS wá, wọ́n tún ní ká tẹ̀ka. Ẹ wá wo ìka tí wọ́n fẹ́ kà náà o. Ìka tó ti di ọkọ́ mú fún ogójì ọdún, tó ti gúnyán, tó ti fọ́ kòkó, tó ti fi ọṣẹ líle fọṣọ. Iṣẹ́ ti pa ilà orí rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rọ á wò ó, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní màmá, tí wọ́n bí sílùú, tó bímọ sílùú, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n! Ìṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ ló wá di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé BVAS lè wo ojú ènìyàn bí ìka bá kọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ìyá yín padà sílé nítorí ìka.

Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ yà s'Ìdó-Èkìtì, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ wà. Nílé ìwòsàn ńlá lónìí, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há aláìsàn níka bí ìgbà tá a bá fi nǹkan há aṣọ sórí okùn. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa àti èyí tójú ò rí gba inú ìka kọjá, ìyẹn ló fi ń mọ bí atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó, kí nọ́ọ̀sì tó rí i lójú aláìsàn. Ẹ̀rọ yìí kì í béèrè orúkọ, kì í béèrè NIN, kò sì kàn án bóyá ilà ti pa rẹ́ lórí ìka. Ìka kan náà ni, ohun tá a rán ẹ̀rọ kan lọ́tọ̀, ohun tá a rán ìkejì lọ́tọ̀.

Kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́ ni Ìrè-Èkìtì wà, ìlú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ Ògún. Ará Ìrè ò ní í bá wa jiyàn bá a bá sọ pé irin kì í ní ọ̀rẹ́. Ẹni tó mú èèkù rẹ̀ dání ló ń jíṣẹ́ fún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà rí. Oṣù kejìlá, 2020 nìjọba ní ká so NIN mọ́ símù, wọ́n ní yóò ran ètò ààbò lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn to ìlà nínú oòrùn. Nígbà tó di oṣù kẹrin, 2022, ìjọba ní kí wọ́n dí ìpè mọ́ ẹni tí kò bá tíì so ó. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Èsùn, lójú ọ̀nà ní agbègbè Òkè-Àkò, níjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Alára ti Àrá tó wà pẹ̀lú wọn ló mórí bọ́. Gbogbo wa la ti jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ wá. Àwọn tó wà nínú igbó yẹn ńkọ́?

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná títì tó ń lo oòrùn máa ń tàn fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì. Awò tó ń gba oòrùn ló ń sọ fún un pé alẹ́ ti lẹ́. Ẹwà ni, a ò lè sọ pé kì í ṣe ẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun dé àdúgbò yín, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá pé: bó bá kọ̀ mí, ta ni mo lè lọ bá? Bó bá ní ẹnì kan, kó sọ orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ní kò sẹ́nì kan, ẹ má tíì tẹ̀ka.