Ọkọ̀ A Máa Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ti gbọ́ òwe náà rí, bóyá lẹ́nu òbí rẹ tàbí lẹ́nu olùkọ́ rẹ. O sì lè rò pé ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ajá kò kan ẹni tí ń gbé ìlú ńlá, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré kiri tọ̀sán tòru. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó kọ́ mi ní ìtumọ̀ òwe náà. Owó ẹ̀kọ́ náà kò kéré, ó sì dùn mí pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo san án.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àbúrò bàbá mi kan a máa wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Iléṣà lọ sí Ìbàdàn. Bàbá Kékeré ni àwa ọmọdé ń pè é. Irú ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní bọ́lẹ̀kájà ni ọkọ̀ rẹ̀: irin ni orí rẹ̀, pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, àwọn èrò a sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àpò kòkó àti agbọ̀n adìẹ. Ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, Bàbá Kékeré yóò yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Yóò fi ẹsẹ̀ gbá táyà kọ̀ọ̀kan, yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá epo ń kán, yóò da omi sí rédíétọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ta ẹ́ńjìnnì jí, tí yóò dúró jẹ́ẹ́, tí yóò sì dẹ etí sí i bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́. Bí ọmọ ọkọ̀ bá ń pariwo, yóò na ọwọ́ sí i pé, "Dákẹ́, ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀."

Mo rántí ọjọ́ kan tí mo bá a lọ. A kò tíì dé Ifẹ̀ tí ó ti ya ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó ní òun gbọ́ tí irin ń ha irin lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́ nǹkan kan. Àwọn èrò kùn, òmíràn tilẹ̀ bú u. Ìyá kan tí ó di ẹ̀fọ́ rù lọ sí ọjà sunkún pé ẹ̀fọ́ òun yóò rọ. Bàbá Kékeré tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì rí i pé ohun tí a fi bo bíréèkì ti jẹ tán pátápátá. Ó rán ọmọ ọkọ̀ padà sí Iléṣà lọ ra òmíràn, a sì jókòó sí abẹ́ igi títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Ohun tí ó sọ fún ìyá náà kò kúrò ní etí mi: "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀fọ́ tí ó bá rọ lónìí, òmíràn yóò hù lọ́la."

Má ṣe rò pé Bàbá Kékeré ni ó dá àṣà yìí sílẹ̀. Ó ti wà láti ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti dé ayé. Ní ọdún 1886, Karl Benz, ará ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń fi ẹ́ńjìnnì rìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha aya rẹ̀ kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì, ó sì wa irú ọkọ̀ náà láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 100, láìsọ fún ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo fẹ́ tán, ó ra òmíràn ní ilé apòògùn ní ìlú Wiesloch, nítorí kò tíì sí ilé epo nígbà náà. Nígbà tí ojú ọ̀nà epo dí, ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ là á. Nígbà tí ó sì ṣàkíyèsí pé igi tí ń dá ọkọ̀ dúró ti ń jẹ, ó yà sọ́dọ̀ aránbàtà, ó ní kí ó kan awọ mọ́ ọn. Láti ara awọ náà ni ohun tí a fi ń bo bíréèkì títí di òní ti ṣẹ̀. Obìnrin náà kò kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń fetí sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń mú ìnira àti ewu kúrò nínú ọkọ̀ wíwà. Ní àtètèkọ́ṣe, irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú kí ó tó jí, irin náà a sì máa ta padà, a máa ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ní ọdún 1912 ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń ta jí, iṣẹ́ ọpọlọ Charles Kettering. Ní ọdún 1959, Nils Bohlin, ará ilẹ̀ Sweden tí ń ṣiṣẹ́ fún Volvo, ṣe bẹ́líìtì tí ó gba èjìká kọjá sí ìbàdí, ilé iṣẹ́ náà sì gbà kí àwọn yòókù máa lò ó láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1978 ni bíréèkì tí ń lo kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú ọkọ̀ Mercedes-Benz. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tagbára-tagbára lójú ọ̀nà tí ó tutù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ a máa há, ọkọ̀ a sì máa yọ̀ lọ láìgbọ́ràn sí ẹni tí ń darí rẹ̀. Bíréèkì tuntun yìí a máa tú, a sì máa mú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọkọ̀ lè máa gbọ́ràn.

Ṣùgbọ́n ìyípadà tí mo fẹ́ kí o kíyè sí jù ni pé ohùn ọkọ̀ ti yí padà. Ní ayé Bàbá Kékeré, ariwo, òórùn àti gbígbọ̀n ni ọkọ̀ fi ń sọ àìsàn rẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ ti ní àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń ṣọ́ epo, ooru, táyà àti bíréèkì, tí ń tan iná tàbí tí ń lu aago níwájú awakọ̀. Láti ọdún 1996, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú ihò kan tí mẹkáníìkì lè ki ẹ̀rọ bọ̀, kí ó ka ohun tí ń ṣe ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti di tòkunbọ̀ ní ìgboro wa. Ọkọ̀ ìsinsìnyí mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ti àtijọ́ lọ. Àwa ni a ti gbé gíláàsì sókè, tí a tan afẹ́fẹ́ tútù, tí a ń fi etí gbọ́ orin, tí a sì ń fi ojú wo fóònù.

Wàyí o, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún ọ. Mo ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, mo sì ń lò ó ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kan, iná pupa kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí tàn níwájú mi. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí mo ti kà á nínú ìwé ọkọ̀ náà: bí kì í bá ṣe pé a fa bíréèkì ọlọ́wọ́ sókè, a jẹ́ pé epo bíréèkì ti ń lọ sílẹ̀. N kò fa bíréèkì ọlọ́wọ́ sókè. Ṣùgbọ́n òpin oṣù jìnnà, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń dúró dè mí, mo sì wí nínú ọkàn mi pé ọkọ̀ kúkú ṣì ń dúró bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Iná náà ń dà mí láàmú ní alẹ́. Mo mú téèpù dúdú tí àwọn oníná fi ń dì wáyà, mo gé díẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi bo ojú iná náà. Ọkàn mi balẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Màpó. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ń lọ. Mo fa bíréèkì ọlọ́wọ́, mo ń fun fèrè, àwọn ènìyàn sì ń túká. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, tí ó ru ọsàn, kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán kí ó tó kàn án, ṣùgbọ́n ó ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ náà sì kán. Ọsàn rẹ̀ ń yí lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, kò sì sí ẹni tí ó ṣà á.

Àwọn tí ó péjọ ń tù mí nínú. "Bíréèkì ló já," ni wọ́n ń wí, "kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀." Nígbà tí ìyá ọmọ náà sáré dé ilé ìwòsàn, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá, wọ́n ní bíréèkì yín já lójijì?" Ẹlòmíràn ti bá mi pa irọ́ náà tán, kí n mi orí nìkan ni ó kù. Mo ṣí ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ni mo wí pé, "Kò já lójijì, ìyá. Ó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èmi ni mo bo ojú rẹ̀." Obìnrin náà wò mí títí, kò fèsì, ó yíjú padà, ó sì di ọwọ́ kejì ọmọ rẹ̀ mú.

Mo san owó ìwòsàn, mo san owó ọsàn. Ọwọ́ náà jinná. Ṣùgbọ́n ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kọjá lọ́dún náà kí ọmọ náà tó lè di kálàmù mú. Ìwọ tí o ń kà mí yìí ti ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí, o sì mọ ohun tí ọdún kan jẹ́. Èyí ni n kò rí owó san. Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára ju ti òní lọ. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mi ti pín ọ̀nà epo bíréèkì rẹ̀ sí méjì, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá bàjẹ́. Ọ̀nà kejì yìí àti bíréèkì ọlọ́wọ́ ni ó dá ọkọ̀ náà dúró, ẹ̀mí ni ì bá lọ bí kò bá sí wọn. Lónìí, a ti rí ọkọ̀ tí ń fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì bí awakọ̀ bá pẹ́, àti èyí tí ń kìlọ̀ bí a bá yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìjọba Nàìjíríà sì dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, iṣẹ́ wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lọ́dọ̀ mi ní alẹ́ tí mo gé téèpù dúdú. Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ lè fi iná ìkìlọ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ìfiyèsí sínú ọkàn ẹni tí yóò wà á.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ó bá kàn ọ́ láti di sítíárì mú, má ṣe tijú láti yí ọkọ̀ po kí o tó wọ̀ ọ́. Bí ìwọ bá sì jẹ́ èrò nìkan, tí o rí i pé awakọ̀ ń tẹ fóònù, fi ọ̀wọ̀ wí fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo iwájú." Wọ́n lè bú ọ, bí wọ́n ti bú Bàbá Kékeré. Kì í sì ṣe inú ọkọ̀ nìkan ni iná pupa ti ń tàn. Àmì tí olùkọ́ kọ sí inú ìwé rẹ, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ ti sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ara tí kò dá bí ti àtẹ̀yìnwá, ọkàn rẹ tí ń gún ọ lórí ohun tí o ṣe ní kọ̀rọ̀: ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn, téèpù dúdú kò sì wọ́n. Má ṣe bo ojú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, dákẹ́, kí o sì gbọ́.