Ẹja Yíyan Lẹ́bàá Odò ní Lọ́kọ́jà

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba ojú títì láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Àbújá ló mọ Lọ́kọ́jà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n dénú. Bí a bá ti kọjá Ọ̀wọ̀ àti Àkókó, tí a kọjá Òkéné, tí a wá rí omi ńlá lápá ọ̀tún, a ó sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, a ó ra búrẹ́dì àti omi, awakọ̀ á fọn fèrè, ìrìn á tún bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí a ń gbà kọjá ni. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Àfi ìgbà tí omi dá mi dúró níbẹ̀ fún òru méjì, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ni mo tó mọ̀ pé Ọlọ́run ní ohun tó fẹ́ bá mi sọ ní Lọ́kọ́jà.

Lọ́kọ́jà ni Odò Ọya àti Odò Bénúè ti pàdé. Odò Ọya ti rìn jìnnà kó tó débẹ̀. Orí òkè ilẹ̀ Guinea ló ti ṣẹ̀, ó gba Mali àti orílẹ̀-èdè Niger kọjá, ó fara kan ààlà ilẹ̀ Benin, kó tó wọ Nàìjíríà. Gbogbo ìrìn rẹ̀ títí dé òkun tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Bénúè ní tirẹ̀ ti ilẹ̀ Cameroon wá, òun náà rin nǹkan bí 1,400 kìlómítà. Bí òjò bá pọ̀ jù ní àwọn ọ̀nà jíjìn wọ̀nyẹn, Lọ́kọ́jà ni omi méjèèjì yóò ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí omíyalé fi ń dààmú ìlú náà. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2012, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2022. Ní 2022 yìí, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn. Omi bo àdúgbò Gánájà ní Lọ́kọ́jà, ó bo Koton-Karfe tó wà lọ́nà Àbújá, títì ọlọ́dà di odò. Àwọn táńkà epo tò lọ súà lójú ọ̀nà, débi pé àwọn ará Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo bẹntiróòlù tì.

Kì í ṣe ìrìn àjò afẹ́ ni mo ń rìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilé ìwòsàn ní Àbújá, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ Ẹtì. Ọdún mẹ́rin ni a kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn ló dá ìjà sílẹ̀. Níbi ìpàdé ẹbí, níwájú àwọn àgbà, mo sọ pé ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó san owó ilé ìwé mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí o. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, mo ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n n kò pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ rẹ̀ ló pè mí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà pé iṣẹ́ abẹ náà le, pé bí mo bá fẹ́ rí ìyá òun, kí n máa bọ̀.

Mo wọkọ̀ ní ìdájí Ọjọ́rú. Nígbà tí a fi máa dé Lọ́kọ́jà, ọ̀nà ti dí. A sùn sínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ ìkókó kan ń ké mọ́jú, awakọ̀ wa tẹ́ ẹní sábẹ́ mọ́tò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, búrẹ́dì ti di ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀. Mo gbààwẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo rán Ọlọ́run létí Òkun Pupa, mo ní kí Ó tún irú rẹ̀ ṣe. Omi kò lọ. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé, “Olúwa, ṣebí Ìwọ lo ní ká lọ bá arákùnrin wa làjà. Ohun tí mo ń lọ ṣe nìyí. Kí ló dé tí O jẹ́ kí ọ̀nà dí?”

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo fẹ́ ṣínu. Òórùn ẹja yíyan fà mí dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó dáná èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nupe ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé Ìlọrin rí, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹja àrọ̀ àti epìyà ló ń yan. Ìyá náà sọ fún mi pé omi ti dé ojú fèrèsé ilé òun, pé inú kíláàsì ilé ìwé kan ni òun àti àwọn ọmọ-ọmọ òun ń sùn. Síbẹ̀, iye tó ń ta ẹja kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi owó lé e bí àwọn yòókù.

Ó ní, “Omi ló gba ilé mi, omi náà ló gbé ẹja wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ há sójú ọ̀nà yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ gba ilé mi ni?”

Ó wá bi mí ta ni mo ń lọ bá ní Àbújá. N kò mọ ohun tó mú mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bóyá nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n rí ni. Ó ń yí ẹja rẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó wò mí.

“Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ tí o fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣé ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ ni?”

Mo ní fóònù mi ti kú láti àárọ̀. Ó ké sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣáájì fóònù fún àwọn arìnrìn-àjò, ó ní kó ṣe tèmi ná. Nígbà tí fóònù tàn, àkókò ìrun ti tó. Ìyá náà fi igi tó fi ń yí ẹja lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má jẹ́ kó jóná, ó bu omi sínú kẹ́tùrù, ó lọ kírun. Bí èmi diakoni ṣe di ẹni tó ń yan ẹja lẹ́bàá títì nìyẹn. Ọwọ́ kan ń yí ẹja, ọwọ́ kejì di fóònù mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Àkànní?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà...”

“Níbo lo wà?”

“Lọ́kọ́jà, mà. Omi ti dí ọ̀nà.”

“Háà! Ṣé o ti jẹun?”

N kò lè dáhùn. Èéfín wà lójú mi, ṣùgbọ́n èéfín nìkan kọ́ ló ń mú omi jáde lójú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ojú omi onígi gbé díẹ̀ nínú wa kọjá ibi tí títì ti rì, a wọ mọ́tò mìíràn ní òdìkejì. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Àbújá. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ó kàn di ọwọ́ mi mú. Bí ó bá jẹ́ pé mo dúró de ìgbà tí màá débẹ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́ ni, bí ó bá sì jẹ́ pé kò jí mọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Ọlọ́run dá a sí. Oṣù mẹ́rìnlá ló tún lò láyé, a sì fi oṣù mẹ́rìnlá náà ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Lónìí, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ tèmi ló jọ ń pín owó ilé Ìbàdàn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi tí a ti lọ kó ẹrù rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, mo lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, omi ti fà, iyanrìn ti yọ láàárín odò. Mo gun Òkè Pátì. Pati ni àwọn Nupe ń pe òkè, òun náà ló wà nínú orúkọ ìlú Pàtígì. Igi oṣè ńlá kan wà lókè níbẹ̀, láti ibẹ̀ ni ènìyàn sì ti ń rí odò méjèèjì bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá pàdé. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi a máa fi han àlejò bí àwọ̀ wọn ṣe yàtọ̀ síra. Wọ́n á kọ́kọ́ máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò tètè dàpọ̀. Tó bá yá, kò sẹ́ni tó lè pín wọn níyà mọ́ títí wọ́n fi dé òkun.

Mo bẹ ilé ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọdún 1865 ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀, wọ́n sì kà á sí ọ̀kan lára àwọn ilé ìwé àkọ́kọ́ ní apá Àríwá. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, mo rántí pé odò yìí dá Crowther náà dúró rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring tó gbé òun àti Dókítà Baikie kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi wà lẹ́bàá odò kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Crowther kò káwọ́ gbera. Àwọn Nupe tó yí i ká ló ń bá sọ̀rọ̀, èdè wọn ló ń kọ́. Nígbà tó di 1864, ìwé rẹ̀ lórí èdè Nupe jáde, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Lójú ẹlòmíràn, oṣù wọ̀nyẹn ṣòfò. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ Olúwa wà nínú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń bá aládùúgbò sọ.

Mo wá ìyá ẹlẹ́ja náà títí, n kò rí i. Ibi tó dáná sí ti di ibi tí wọ́n ń ta táyà. Mo bi àwọn obìnrin tó ń ta ẹja, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí mo ń sọ. Mo ra ẹja lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo jókòó lórí àpótí, mo sì ṣí Bíbélì mi sí Ìhìn Rere Jòhánù, orí 21.

Mo ti wàásù lórí orí náà rí, ṣùgbọ́n n kò kíyè sí iná tó wà níbẹ̀. Jésù ti jíǹde. Gbogbo agbára ti wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Pétérù tó sẹ́ Ẹ níbi iná èédú ló ń wẹ̀ bọ̀ ní èbúté yẹn. Kí ni ó bá níbẹ̀? Iná èédú mìíràn ni, pẹ̀lú ẹja lórí rẹ̀ àti búrẹ́dì. Olúwa ti kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ní nǹkan jíjẹ, Ó sì pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni Ó tó dá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Pétérù. Oúnjẹ ló ṣáájú. Ó yé mi wàyí pé ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ti pẹ́ láyé jù mí lọ.

Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run tó pín Òkun Pupa níyà wà láàyè. Ṣùgbọ́n omi ni mo tẹjú mọ́ ní oṣù Kẹwàá ọjọ́sí, mo ń wò ó bóyá yóò pín, nígbà tí Ó ti rán ẹja, iná jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó sí mi. Ìyá náà kì í ṣe ọmọ ìjọ mi, mùsùlùmí ni. Ará Samáríà inú àkàwé Olúwa wa náà kì í ṣe ọmọ ìjọ ẹni tó gbà là.

Bí ẹ bá tún gba Lọ́kọ́jà kọjá, ẹ má kánjú jù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo odò, ẹ ra ẹja. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan wà tí ẹ ti ń dúró de ìgbà tí ọ̀nà yóò là kí ẹ tó bá a làjà, ẹ pè é lónìí. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.